Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́jọ

Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó gun òrùlé, obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníwọ̀n á ti dé ẹnu kànga àkọ́kọ́ pẹ̀lú okùn rẹ̀. Kànga mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Okùn ọ̀hún nípọn tó ìka ọwọ́, irin wúwo kan wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n sì ta á ní kókó ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Á sọ irin náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní, títí yóò fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti kan ilẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Á wá fà á sókè, á ka ibi tó rin: kókó kan, kókó méjì, títí dé mẹ́jọ. Á tún un kà. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kó ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbà tó bá dá a lójú ni yóò tẹ mẹ́jọ sórí fóònù tí Ilé Ẹ̀rọ fún un, á sì máa wo fóònù náà títí yóò fi dáhùn pé òun ti gbà á.

Ilé Ẹ̀rọ ló wà lẹ́yìn ògiri gíga ní òpin àdúgbò. Ilé ńlá mẹ́ta ni, kò sí fèrèsé lára ìkankan. Kọ̀ǹpútà ló kún inú wọn láti ilẹ̀ dé àjà. Fọ́tò táwọn èèyàn ń yà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ síra wọn, ìbéèrè tí wọ́n ń bi fóònù wọn, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó wọn pa mọ́ sí. Àwọn ẹ̀rọ náà kì í sinmi, ara wọn sì máa ń gbóná bí ara ẹni tí ibà mú, omi ni wọ́n fi ń tù wọ́n. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi náà. Wọ́n ń kùn tọ̀sán-tòru, débi pé àlejò nìkan ló kù tó ń gbọ́ ọ.

Kí wọ́n tó kọ́ èyí àkọ́kọ́, àdúgbò àti Ilé Ẹ̀rọ jọ fọwọ́ sí ìwé kan. Ìwé náà sọ pé bí omi inú kànga bá lọ sílẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ kúrò níbi tó wà, Ilé Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fa omi ẹ̀rọ wọ gbogbo agboolé láìjáfara. Ó wá ku ẹni tí yóò máa wọ̀n ọ́n. Wọ́n mú obìnrin yìí nítorí pé ó kàwé dé kíláàsì márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó bá a jà rí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Géńdé kan wá láti Ilé Ẹ̀rọ, ó kọ́ ọ níṣẹ́ náà kí wákàtí kan tó pé, ọkàn rẹ̀ ti wà lára mọ́tò tó ń dúró dè é níta. Ó sọ okùn sí kànga, ó fà á jáde, ó ka ibi tó rin.

"Mẹ́jọ. Ṣé ẹ rí i, Màmá? Ibi tó bá rin, omi nìyẹn."

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin rèé, mẹ́jọ ló ń jẹ́. Ó lè di méje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè di mẹ́sàn-án, á tún padà sí mẹ́jọ.

Nǹkan méjì ló máa ń jà nínú Oníwọ̀n tó bá ti ń fa okùn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí nọ́ńbà bá já wálẹ̀, wọ́n á ní òun ló ṣe é. Ìwé ń bà á lẹ́rù, àwọn tó ń gbé ìwé kiri ń bà á lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ó wù ú kó já. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òkété ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ilẹ̀ tí kò lè wọ̀. Tí kànga ẹnikẹ́ni bá ti ṣàdédé ń pọn ẹrẹ̀ dípò omi láàárín ọ̀sẹ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí kó wá gbẹ́ ẹ sí i kí Sátidé tó dé. Láti ọdún tó kọjá ni ikọ́ kan ti bá a dọ́rẹ̀ẹ́, tí kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí omi ẹ̀rọ bá yọ ládùúgbò, òun á ju ṣọ́bìrì sórí òrùlé, òun ò sì ní wọnú ilẹ̀ mọ́. Omi ẹ̀rọ yẹn ni Oníwọ̀n ń wá lára okùn ní gbogbo Sátidé. Mẹ́jọ ló ń bá.

Ní Sátidé kan, ó dé agboolé aránṣọ, kànga keje. Bàbá ọkọ aránṣọ, tí wọ́n ń pè ní Dírẹ́bà Àgbà, wà níbi tó máa ń wà, lórí ìjókòó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó fi ṣiṣẹ́ jẹun. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì.

"Oníwọ̀n, okùn ẹ mà tún gùn sí i."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé ibí, ńṣe lo máa ń ká èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ apá. Lónìí, ìkángun ẹ̀ lo rọ̀ mọ́ bí ẹni tí ewúrẹ́ fẹ́ já mọ́ lọ́wọ́. Kí lo fi ń bọ́ okùn?"

"Mo so ó pọ̀ ni, Bàbá. Ó ń kúrú."

"Okùn tí ń kúrú. Ogójì ọdún ni mo fi wa ọkọ̀. Tí mo bá ń rin ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, tí epo tí mo fi ń dé ibẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣé màá ní ọkọ̀ ló ń jẹun jù? Ẹnì kan ló ń gbé ìlú yẹn sún síwájú."

Oníwọ̀n rẹ́rìn-ín, nítorí àgbà ló ń sọ̀rọ̀.

Ó wolẹ̀. Apá ibi tó gbẹ lára okùn náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí òkìtì. Kò kà á rí. Ta ló ń ka ohun tó gbẹ? Fóònù kò béèrè rẹ̀, géńdé ọjọ́sí kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó sí ètè kànga, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi parí sí, ó ń ka kókó lọ sókè. Ó dúró lórí mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó tún un kà. Mẹ́rìndínláàádọ́ta náà ni.

Okùn tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ju márùndínlógójì lọ, látorí dé ìdí, ó sì máa ń ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

"Kí lo rí?" ni Dírẹ́bà Àgbà wí.

"Kò sí nǹkan, sà," ó ní, ó sì di ẹrù rẹ̀.

Kò dé ọ̀dọ̀ kànga kẹjọ lọ́jọ́ náà. Ilé àbúrò rẹ̀ ló gbà lọ. Ó bá Òkété lẹ́nu ọ̀nà iyàrá rẹ̀, ó ń fi wáyà di egungun agboòrùn kan tó ti ṣẹ́. Agboòrùn ọ̀hún kì í ṣe ti òjò. Tí afẹ́fẹ́ inú kànga kò bá dáa, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á máa jù ú sísàlẹ̀, wọ́n á máa fà á sókè, kó lè máa ti afẹ́fẹ́ tuntun wọlé.

"Ẹ kúùrìn, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú yín rí bíi tẹni tí ajá lé."

"Kànga aránṣọ. Nígbà tí o kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ, kí wọ́n tó kọ́ Ilé Ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ bàtà mélòó lo gbẹ́ kí o tó bá omi?"

Òkété kò ronú rárá. "Méjìlélógún."

"Báyìí ńkọ́?"

"Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó lè fi díẹ̀ jù ú."

"Àwọn yòókù?"

"Bákan náà ni gbogbo wọn. Ti ilé ìgbẹ̀bí ló burú jù." Ó kọ́ ikọ́, ó nu ẹnu. "Kí ló dé?"

Ó jókòó tì í lórí ilẹ̀. Ó ti ń yé e bọ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ ìgbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò rẹ̀ ló tó wọ̀ ọ́ lára. Omi kò dúró lójú kan. Omi ń sá lọ sísàlẹ̀, Òkété ń lé e, òun náà ń fi okùn tẹ̀ lé Òkété. Bí wọ́n sì ṣe ń gbẹ́ kànga ládùúgbò yìí, agbẹ́kànga kì í jáde àfìgbà tí omi bá mù ún dé àyà; tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi mọ́, omi náà á ti ga di mẹ́jọ. Láti ọdún méjì, kì í ṣe omi ló ń wọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló ń wọ̀n.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni fún yín? Ẹ̀yin lẹ ní fóònù." Òkété gbé agboòrùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ mọ̀. Mo rò pé ẹ̀ ń kọ ọ́ síbẹ̀, pé àwọn ni wọn ò fẹ́ fa omi wá. Mo tiẹ̀ ń bú wọn nítorí yín."

Ẹnì kan ń kan ìṣó mọ́ igi ní ilé kejì.

"Má wọ kànga kankan mọ́," ló wí nígbà tó yá.

"Mo ti ṣèlérí Ọjọ́rú fún agbẹ̀bí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi ife wọn omi níbẹ̀. Ṣé itọ́ ni kí wọ́n fi wẹ ọmọ tuntun?"

"O ní ibẹ̀ ló burú jù."

"Àtùpà tí a bá sọ sínú ẹ̀ máa ń kú tó bá dé ogójì, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dáa. Ìdí tí mo fi ń tún agboòrùn ṣe nìyẹn."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàdé," Oníwọ̀n ní. "Wọ́n fẹ́ gbàṣẹ láti kọ́ ilé méjì sí i. Tí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, ìwé ló máa mú wọn. Wọ́n á ní láti fa omi wá. Kí wọ́n tó fà á tán, wọ́n á máa fi táńkà gbé e wá. O ò ní wọ inú ẹ̀ l'Ọ́jọ́rú nìyẹn."

Òkété wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè sọ fún kọ̀ńdọ́ pé ọkọ̀ ti gbé yín kọjá ibi tí ẹ ń lọ?"

"Màá sọ ọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ jẹun ná. Ẹ ti funfun."

Kò rí oorun sùn dáadáa títí di ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ náà, nǹkan bí agogo mẹ́wàá, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ẹ̀rọ kanlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹnjiníà ni gbogbo wọn ń pè é. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni yóò jẹ́, ó sì jẹ́ ọmọlúwàbí, ó máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kápẹ́ẹ̀tì nínú iyàrá náà. Bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fa ìlà kan sí i láti òsì dé ọ̀tún.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìlà yín rèé, gbogbo nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ọdún méjì. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an lọ́fíìsì, ó tọ́ bíi rúlà. Ẹ máa bá wa fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ibí yìí, ká lè fi hàn wọ́n lọ́la."

Oníwọ̀n gba bébà náà, kò wò ó. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ilé méjì tí ẹ tún fẹ́ kọ́ yìí. Ṣé omi yẹn náà ni wọ́n máa mu?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí a kó dé, wọn kì í mumi bíi ti àtijọ́. Iṣẹ́ tó ń gba ife omi kan tẹ́lẹ̀, ìdajì ife ló ń gbà báyìí. Wọ́n tiẹ̀ fún wa ní àmì ẹ̀yẹ lórí ẹ̀."

"Ẹ kú oríire. Iṣẹ́ náà ńkọ́? Ṣé bó ṣe pọ̀ tó tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe pọ̀?"

"Rárá o. Ó ti wá yá, ó ti wá rọrùn, gbogbo ayé ló ń lò ó. Iṣẹ́ ti di ìlọ́po mẹ́fà."

Oníwọ̀n na ìka mẹ́fà síta. Ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ìdajì ife, ó ń pa wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ètè rẹ̀ ń mì. "Ìyẹn ni pé, níbi tó ti ń mu ife kan, mẹ́ta ló ń mu báyìí."

Ẹnjiníà wo àwọn ìka náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ bá kà á báyẹn. A kì í kà á báyẹn ni."

Bóyá ọ̀rọ̀ yìí ló là á lóhùn. Ó gbé okùn jáde lábẹ́ ibùsùn, ó tú u sílẹ̀ láàárín iyàrá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, ó ń dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, Ẹnjiníà kúnlẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ka okùn. Nígbà tó gbójú sókè, Oníwọ̀n rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

"Níbi tí wọ́n ti bí mi, tí kànga bá gbẹ, wọ́n á fi páànù dé e ni, wọ́n á wá omi lọ síbòmíì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ńṣe lẹ máa ń lé e lọ sísàlẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó béèrè."

"Ẹ má fọwọ́ sí i, Màmá." Ó gba bébà náà padà. "Màá lọ bá Ọ̀gá báyìí. Lọ́la, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ọkàn Oníwọ̀n fúyẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ẹni tó sọ ẹrù. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé ó ti sọ ọ́ fún ẹnì kan, ó ku àwọn yòókù.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni ìpàdé ti wáyé. Alága àdúgbò jókòó níwájú, Ọ̀gá láti Ilé Ẹ̀rọ wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó so táì, Ẹnjiníà sì wà lẹ́yìn Ọ̀gá, ó ń wo ilẹ̀. Kò sí ìlà kankan lára ògiri. Oníwọ̀n rí i pé kò sí i, ó sì fi í ṣe àmì rere.

Wọ́n pè é. Ó dìde.

"Mo fẹ́ sọ pé... ẹ jọ̀ọ́, mẹ́jọ tí mo ń kọ, òótọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ kí n máa kà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ohùn kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Oníwọ̀n ló ṣi ìwọ̀n." Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín wọn tán, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ borí ẹ̀rín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti orí Òkété: bó ṣe ń gbẹ́ ẹ, bí omi ṣe ń mù ún dé àyà, bí ó ṣe ń di mẹ́jọ tó bá di ọjọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni gbọ̀ngàn ń dákẹ́. Àwọn tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn dáwọ́ dúró.

"Méjìlélógún ló wà tẹ́lẹ̀. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà báyìí. Omi ti lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún. Mẹ́ta ni ìwé sọ."

Ariwo sọ. Alága fọwọ́ lu tábìlì títí. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn, Oníwọ̀n rí táńkà omi lójú ọkàn rẹ̀, ó dúró níwájú ilé ìgbẹ̀bí.

Ọ̀gá dìde. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún òtítọ́ inú wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé nọ́ńbà ọdún méjì yìí kò ṣeé gbára lé. A gbà bẹ́ẹ̀. A ti fagi lé gbogbo ẹ̀. Ìwé sọ pé tí nọ́ńbà bá já. Kò sí nọ́ńbà tó já, nítorí kò sí nọ́ńbà rárá. Bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọ̀la, ẹ̀rọ la máa fi sínú kànga kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe, kì í sùn, kò sì dúró de Sátidé, ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ló ń kà. Ibi tí omi bá wà lọ́la la ó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kúrò níbẹ̀, omi ẹ̀rọ á wọ agboolé yín."

"Àbúrò mi mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀," Oníwọ̀n ní. Kò mọ̀ pé òun ṣì wà lórí ìdúró.

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Kò mọ̀wé, sà."

"Ó mà ṣe o," Ọ̀gá ní, ó sì dà bí ẹni pé ó dùn ún lóòótọ́.

Oníwọ̀n wo Ẹnjiníà. "Ẹ̀rọ yẹn, ibo ló máa wà nínú kànga?"

Ẹnjiníà dáhùn láìgbójú sókè. "Nísàlẹ̀ ni, Màmá. Á jókòó sísàlẹ̀, á máa mọ bí omi tó wà lórí ẹ̀ ṣe wúwo tó."

"Tí wọ́n bá wá gbẹ́ kànga náà sí i ńkọ́?"

"Wọ́n á tún un gbé sísàlẹ̀."

Àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Àwọn yòókù ti ń wọ́ àga. Inú wọn dùn díẹ̀ sí ẹ̀rọ tí kì í ṣàṣìṣe. Ìbínú wọn sì ti rí ẹni tó máa dà lé lórí. Alága fọwọ́ sí àṣẹ ilé méjì náà kó tó di ọ̀sán. Bí Oníwọ̀n ṣe ń jáde, obìnrin kan tó ti ń kí i láti ogún ọdún pòṣé sí i. "Ọdún méjì, ìwọ lò ń sọ fún wọn pé omi wà."

Ọjọ́rú mọ́. Kí Òkété tó dé ilé ìgbẹ̀bí, ọkùnrin méjì láti Ilé Ẹ̀rọ ti sọ ẹ̀rọ wọn sínú kànga ibẹ̀, ohun kékeré kan bí orí tọ́ọ̀ṣì, tó ní wáyà gígùn nídìí. Omi tó wà níbẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Wọ́n tún fà á jáde fún Òkété, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wo aago.

"Dá a dúró," Oníwọ̀n bẹ̀ ẹ́. "Jẹ́ n tún lọ bá wọn lónìí."

"Ẹ ti bá wọn." Òkété ń so okùn mọ́ ìbàdí. "Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́, àbí? Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ dúró láàárín gbọ̀ngàn, ẹ ń dá Ọ̀gá lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi tèmi. Mi ò rò pé ẹ máa sọ ọ́."

"Kò ṣe ǹkankan."

"Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Wọ́n sọ àtùpà sísàlẹ̀, ó kú. Wọ́n fi agboòrùn fẹ́ ẹ títí ọwọ́ fi ń ro àwọn tó ń fà á, wọ́n tún sọ àtùpà sí i, ó jó, iná rẹ̀ kéré. Nínú ilé, obìnrin kan ń rọbí, ohùn rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Òkété ní èyí tó ń jó yẹn tó òun. Ó rọra ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń tú okùn fún un. Oníwọ̀n dúró sẹ́nu kànga, ó ń wo fìlà rẹ̀ títí kò fi rí i mọ́.

Tó bá fa okùn lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fa korobá. Tó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fa òun. Korobá àkọ́kọ́ gbé ẹrẹ̀ wá. Ìkẹta gbé yanrìn tútù. Ní ìkẹfà, wọ́n gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ó ń dún bíi pé inú ìkòkò ló wà. Ní ìkẹsàn-án, omi ló kún korobá, àwọn obìnrin tó ń wò bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Lẹ́yìn ìkọkànlá, okùn kò mì mọ́.

"Òkété," ó pè. "Ọmọ ìyá mi."

Omi nìkan ló ń dún nísàlẹ̀, ó ń wọlé.

Gbogbo wọn ló fà á, àwọn ọkùnrin Ilé Ẹ̀rọ náà bá wọn fà á, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Omi ti rin ín dé àyà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Agbẹ̀bí sáré jáde, ó gbá a lẹ́yìn, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń ṣe é títí. Ọmọ tó ti mú kó mí kò lóǹkà, kò rí ti àgbàlagbà yìí ṣe.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín. Ẹnjiníà wá, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí wọ́n ti dá a dúró. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n gbà ń sọ ọ́. Ẹnì kankan kò rántí gba fóònù lọ́wọ́ Oníwọ̀n.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí. Kò mú okùn dání. Ó jókòó sí ètè kànga. Wọ́n ti dá ẹ̀rọ padà síbẹ̀, wáyà rẹ̀ wọlé gba ihò kan tí wọ́n lu sí ara ògiri kànga. Fóònù dún lápò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń kà á pẹ̀lú ètè.

"Kànga kẹsàn-án. Ọjọ́rú: ẹsẹ̀ bàtà kan. Sátidé: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án. Omi ti pọ̀ sí i gidigidi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ìdí rẹ̀."

Ìdí mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó lè yàn. Òjò rọ̀. Wọn kò pọn omi púpọ̀. Ẹ̀rọ nílò àtúnṣe. Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́rin. Lábẹ́ wọn, àyè kékeré kan wà fún ẹni tó bá ní ìdí mìíràn. Nọ́ńbà nìkan ló máa ń tẹ̀ sórí fóònù náà, kò kọ lẹ́tà sí i rí, nítorí náà ó pẹ́ kó tó rí èyí àkọ́kọ́, ó sì tún pẹ́ kó tó rí èkejì.

"Àbúrò mi ló gbẹ́ ẹ. Ó kú síbẹ̀. Omi kò pọ̀ sí i."

Ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣi lẹ́tà kankan kọ. Ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, nítorí àwọn obìnrin ti dé pẹ̀lú korobá, ó sì wà lójú ọ̀nà wọn.